Amọ̀ Orí Kì í Ṣe Ẹyọ Kan: Ìtàn Sẹ́ẹ̀lì Ògbe àti Ìlò Rẹ̀ ní Bantè àti Savalou

Bí ọmọ bá wáyé pẹ̀lú ètè lílà, ìyá rẹ̀ ni ará ilé sábà máa ń bi léèrè: kí ni ó jẹ, ta ni ó ṣẹ̀, ibo ni ó gbà kọjá nígbà tí ó wà nínú oyún? Iṣẹ́ yìí sọ ìtàn bí àwọn onímọ̀ ṣe wádìí ibi tí ojú àti àgbọ̀n ti ń wá, nítorí pé ìdáhùn kan wà nínú rẹ̀ tí ó lè gbé ẹ̀bi kúrò lórí ìyá. Bantè àti Savalou ni a ní lọ́kàn. Àwọn kọ́múùnù méjèèjì yìí, ní ẹkùn Collines ní orílẹ̀-èdè Benin, jọ wà lábẹ́ agbègbè ìlera kan ṣoṣo. Èdè Faransé ni a fi ń kọ́ ọmọ nípa ara ènìyàn ní ilé ìwé, ṣùgbọ́n Ìṣà, Ifẹ̀ àti Mahi ni a fi ń sọ̀rọ̀ nípa ọmọ tuntun nílé.

Orúkọ náà

Nígbà tí ọlẹ̀ ṣì kéré gan-an, awọ ẹ̀yìn rẹ̀ a ká, etí rẹ̀ méjèèjì a pàdé, a sì di ọ̀pá oníhò tí yóò di ọpọlọ àti okùn inú eegun ẹ̀yìn. Láti ojú ibi tí etí méjèèjì ti pàdé ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ti ń ya kúrò, tí wọ́n ń rìn káàkiri ara. Àwọn Faransé ń pè wọ́n ní crête neurale. Crête náà ni ògbe orí àkùkọ. Nítorí náà, sẹ́ẹ̀lì ògbe ni a ó máa pè wọ́n. Wilhelm His, ọmọ Switzerland, ni ó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe wọn nínú ọlẹ̀ adìẹ ní 1868.

Julia Platt àti ẹ̀kọ́ ìpele mẹ́ta

Ẹ̀kọ́ tí ó gbilẹ̀ nígbà náà ni pé ọlẹ̀ ní ìpele mẹ́ta: ti òde ń di awọ àti iṣan ìmọ̀lára, ti àárín ń di eegun àti ẹran, ti inú ń di ìfun. Lójú àwọn ọ̀mọ̀wé, amọ̀ kan ṣoṣo ni a fi mọ gbogbo eegun ara. Ní 1893, Julia Platt, ọmọ Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí ẹran omi kan tí ó jọ aláǹgbá. Ó ní eegun rírọ̀ tí ó wà ní àgbọ̀n rẹ̀ wá láti ìpele òde. Ọ̀pọ̀ kọ̀ ọ́, nítorí pé ó ta ko ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti gbà. Platt gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Freiburg ní 1898, síbẹ̀ kò rí iṣẹ́ yunifásítì. Ó fi ìwádìí sílẹ̀, ó sì di olórí ìlú Pacific Grove ní California ní 1931. Àwọn mìíràn ni ó wá fìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀ múlẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1920.

Àmì inú sẹ́ẹ̀lì

Ìṣòro tó kù ni bí a ó ṣe mọ sẹ́ẹ̀lì kan yàtọ̀ lẹ́yìn ìrìn àjò rẹ̀. Ní 1969, Nicole Le Douarin, ọmọ Faransé, kọ̀wé nípa caille, ẹyẹ kékeré kan tó jọ àparò. Inú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ní àmì dúdú kan tí sẹ́ẹ̀lì adìẹ kò ní. Bí a bá gbin ògbe caille sínú ọlẹ̀ adìẹ, a lè tọpa rẹ̀ títí dé ibi tí ó fìdí kalẹ̀ sí. Báyìí ni ó ṣe hàn gbangba pé ògbe ni ó pèsè eegun ojú àti àgbọ̀n, nígbà tí ìpele àárín pèsè ẹ̀yìn agbárí. Amọ̀ orí kì í ṣe ẹyọ kan.

Ògbe kì í kàn ṣe amọ̀ lásán. Ní 2003, Richard Schneider àti Jill Helms gbin ògbe pẹ́pẹ́yẹ sínú ọlẹ̀ caille. Àgógó tó hù jọ ti pẹ́pẹ́yẹ. Ṣùgbọ́n ní 2002, ẹgbẹ́ Le Douarin ti fi hàn pé ìpele inú náà ń sọ fún ògbe irú eegun tí yóò di. Ògbe ní ìmọ̀ tirẹ̀, ó sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ aládùúgbò.

Ohun tí a lè sọ fún ìyá

Nínú ènìyàn, ètè ń parí láàárín ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkeje oyún. Ẹran tí sẹ́ẹ̀lì ògbe kún ń ti ọ̀tún àti òsì wá pàdé; bí wọn kò bá pàdé, tàbí tí wọn kò lẹ̀ pọ̀, ètè a là. Ọ̀pọ̀ ìyá kò tíì mọ̀ pé òun lóyún nígbà tí ìrìn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2019, Azeez Butali àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn ìdílé ní Nàìjíríà, Ghana àti Ethiopia, ó sì fi ibi tí ewu yìí fara pamọ́ sí nínú àbùdá hàn. Èyí kò ní kí aboyún má ṣọ́ra: sìgá àti àwọn oògùn wárápá kan lè fi kún ewu, nítorí náà ó yẹ kí obìnrin tó ń lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ó tó lóyún. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ni, iṣẹ́ abẹ sì lè tún ètè náà ṣe.

Àbá wa ni pé kí àwọn agbẹ̀bí Bantè àti Savalou gbé ọ̀rọ̀ bíi ògbe, ìrìn àti ìpàdé yẹ̀ wò ní Ìṣà, Ifẹ̀ àti Mahi, kí wọ́n sì tún èyí tí kò bá yé ìyá ṣe. Ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ọ̀rọ̀ Platt fi dúró kí wọ́n tó gbà á. Kò yẹ kí ìyá kan dúró bẹ́ẹ̀ nítorí pé èdè Faransé nìkan ni ìdáhùn rẹ̀ wà.