Oògùn òwú àti ààlè oko

Ẹ̀yin ará wa ní Pénéssoulou, Manigri àti Bassila, àti ẹ̀yin tó wà ní òdìkejì ààlà, ẹ jẹ́ ká rántí ohun tí ojú rí ní Borgou.

Lọ́dún 1999, oògùn tí a mọ̀ kò ran kòkòrò òwú mọ́. Wọ́n bá kó endosulfan wá fún àwọn àgbẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ọmọkùnrin mẹ́ta lọ ro oko òwú bàbá wọn tí àgbàdo wà nínú rẹ̀. Ebi pa wọ́n, wọ́n já àgbàdo jẹ. Wọn kò mọ̀ pé àná ni wọ́n fín oògùn síbẹ̀. Kò pẹ́, wọ́n ń bì. Ọ̀kan, ọmọ ọdún 12, kú. Àwọn tó ṣèwádìí ka òkú 37, ó kéré tán, ní Borgou ní sáà òwú yẹn.

Nígbà tó yá, ìjọba wa fòfin dè é. Lọ́dún 2011, àwọn orílẹ̀-èdè tó péjọ ní Geneva fi í kún àwọn oògùn tí Àdéhùn Stockholm fẹ́ kó parẹ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n òfin kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà oko, oògùn mìíràn sì wà lọ́jà.

Àwọn baba wa mọ ààlè í pa. Ẹni tó bá rí i, bí kò tilẹ̀ mọ̀wé, kò ní fọwọ́ kan nǹkan. Lọ́jọ́ tí a bá fín oògùn, ẹ jẹ́ ká so màrìwò tàbí aṣọ pupa sí ẹnu oko, ká sì sọ fún àwọn ọmọ nílé. Ká dá bídọ̀n òfìfo lu, kí ẹnikẹ́ni má baà fi pọnmi. Èyí kò ná wa lówó.