Egbò Ẹsẹ̀ Tó Kọ̀ Tí Kò Jinná: Ibo Ni Ìtọ́jú Rẹ̀ Ti Wá?

Nọ́ọ̀sì yín ni, láti Peckham. Ìtàn egbò àdáàjinná ni mo gbé wá lónìí, torí àwọn ìyá àti bàbá wa kan wà tó ń fi ìró àti ṣòkòtò bo egbò mọ́lẹ̀. Wọ́n ní àwọn tẹ oògùn ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1904. Ọmọ Grenada kan, Walter Clement Noel, ẹni ogún ọdún, lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà eyín ní Chicago. Nígbà tó dé ọsibítù ní oṣù December, àpá egbò ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Dókítà Ernest Irons wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó rí i pé ó tẹ̀ bíi dòjé. Ọ̀gá rẹ̀, James Herrick, kọ ọ́ jáde lọ́dún 1910. Àìsàn tí àwa ń pè ní fòníkúfọ̀ladìde nìyẹn. Ẹ ò rí i pé egbò ẹsẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ yẹn! Títí dòní, sickle cell máa ń fa egbò lọ́rùn ẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tó wọ́pọ̀ jù nílùú ọba níbí, iṣan ló ń fà á. Àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké wà nínú iṣan tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sókè. Bí wọn ò bá pa dé mọ́, ẹ̀jẹ̀ á rọ́ sísàlẹ̀, ẹsẹ̀ á wú, awọ á dúdú, ìfarapa kékeré á di egbò. Ìpara nìkan ò lè wo ìyẹn.

Lọ́dún 1988, àwọn oníṣẹ́ ìlera Charing Cross Hospital ní London gbé àbájáde báńdéèjì onípele 4 jáde. Ó máa ń fún lọ́rùn ẹsẹ̀ ju òkè lọ. Nǹkan bí egbò 3 nínú 4 ló jinná láàárín ọ̀sẹ̀ 12. Lọ́dún 1992, nọ́ọ̀sì Christine Moffatt àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé iṣẹ́ náà ṣeé ṣe ní kílíníìkì àdúgbò. Lọ́dún 1995, nọ́ọ̀sì Ellie Lindsay dá Leg Club sílẹ̀ ní Suffolk, káwọn aláìsàn lè jókòó pọ̀ gba ìtọ́jú, kí ìtìjú má sé wọn mọ́lé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fúnra yín di báńdéèjì yìí nílé o! A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọn ìfúnpá ọrùn ẹsẹ̀ àti ti apá. Bí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá sẹ́sẹ̀ bá ti dí, báńdéèjì tó fún lè ba ẹsẹ̀ náà jẹ́.

Egbò ìsàlẹ̀ orúnkún tó bá lé ní ọ̀sẹ̀ 2 tí kò jinná, ẹ gbé e lọ bá GP tàbí nọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ fi fídíò yìí ránṣẹ́ sí màmá yín. Ó dìgbà kan ná.