Kí Téèpù Fídíò Tó Yadi

Nínú àpótí kan ní ilé wa ni mo ti rí téèpù fídíò kékeré kan. Bàbá mi ni ó gbà á sílẹ̀ ní ọdún 1994, nígbà ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ní ọjọ́ náà, ìyàwó sun ẹkún ìyàwó, ìyá bàbá mi sì fi oríkì ilé wa dá a lóhùn. Màmá àgbà ti lọ sí ibi tí àgbà ń rè. Èmi tí mò ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa èdè, oríkì ilé onílé ni mò ń kà nínú ìwé. N kò gbọ́ ti ilé wa rí. Kámẹ́rà bàbá mi ti kú, téèpù kò sì ní ẹnu tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn díẹ̀. Ilẹ̀ Jàpáànù ni irú fídíò tí a ń lò nínú ilé ti tàn ká ayé. Ní 1975, Sony gbé Betamax jáde. Ní 1976, JVC gbé VHS dé, VHS sì borí. Nígbà náà, ọ̀tọ̀ ni kámẹ́rà, ọ̀tọ̀ ni ẹ̀rọ tí ń gba àwòrán sílẹ̀. Ní 1983 ni Sony so méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan, nígbà tí ó sì di 1985, ó ṣe Video8, tí téèpù rẹ̀ kò fẹ̀ ju mìlímítà 8 lọ. Báyìí ni ìsìnkú, ìkómọjáde àti ìgbéyàwó wa ṣe di ohun tí a ń gbà sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwòrán gan-an ni ó wà lára téèpù, ipa òòfà ni. Ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ ni téèpù, lẹ́búlẹ́bú irin ni a fi kùn ún. Nínú kámẹ́rà, ìlù irin kékeré kan ń yí bírí nígbà 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan láti ka ipa náà. Bí kò bá sí ìlù yìí, téèpù yadi. Ní ọdún 2016, Funai, tí ó kẹ́yìn àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ VHS, dáwọ́ dúró. Ṣáájú èyí, ní 2015, ilé ìpamọ́ fíìmù àti ohùn ti ilẹ̀ Ọsirélíà ti kìlọ̀ pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú téèpù tí a kò bá dà kọ títí di 2025 lè ṣègbé. Ọdún náà ti dé bá wa.

Mo yá kámẹ́rà Video8 kan tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo so wáyà àwòrán àti wáyà ohùn rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ kékeré tí ń sọ wọ́n di nọ́ńbà, mo sì ki ìyẹn bọ kọ̀ǹpútà mi tí ń lo Linux. Ọmọ ilé ìwé gíga bíi tiwa ni Linus Torvalds, ẹni ọdún 21 ní Helsinki, nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ Linux ní 1991. Gbangba ni iṣẹ́ inú rẹ̀ wà. Ẹnikẹ́ni lè kà á, kí ó sì tún un ṣe. Nítorí náà ni ẹ̀rọ àtijọ́ tí ẹni tí ó ṣe é ti pa tì fi ṣì ń rí ẹni gbọ́ èdè rẹ̀ níbẹ̀. FFmpeg, tí Fabrice Bellard ọmọ ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ ní 2000, ni mo fi gba àwòrán náà sílẹ̀.

Nígbà àkọ́kọ́, àwòrán kò ní àwọ̀, ó sì ń yí gbirigbiri. Àyà mi já. Mo rò pé téèpù ti bàjẹ́. Àṣé èmi ni mo ṣì í: NTSC ti Amẹ́ríkà, onílà 525, ni mo ní kí ẹ̀rọ máa retí, bẹ́ẹ̀ PAL onílà 625 ni tiwa. Bí mo ti yí i padà ni aṣọ òfì ìyàwó yọ, ni ohùn Màmá sì dún ketekete. Wákàtí kan ààbọ̀ ni téèpù náà, wákàtí kan ààbọ̀ náà ni mo sì fi jókòó tì í. Iṣẹ́ yìí kò gba ìkánjú.

Nígbà tí Màmá dé ibi orúkọ bàbá ńlá wa, àwòrán fàya, ohùn sì pòórá. Mo nu irin tí ń ka téèpù, mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta, pàbó ni. Mo bi ìyàwó ọjọ́sí náà léèrè. Ó ní ẹkún kò jẹ́ kí òun gbọ́.

Àwọn baba wa kò ní téèpù, síbẹ̀ oríkì dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí pé ẹnu kan ń gbà á fún ẹnu mìíràn. Ẹ̀dà inú kọ̀ǹpútà náà kò gbọdọ̀ sinmi. Ibi mẹ́ta ni mo kó o sí, n ó sì máa dà á kọ látìgbàdégbà. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá délé nígbà ìsinmi, ẹ yẹ àpótí wò.