Ọ̀tún Di Òsì ní Ìdírókò

Kí mọ́tò tó dé, ará Àjàgbà ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ tó bá ń lọ sí Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, lè tukọ̀ débẹ̀. Odò àti ọ̀sà ló so ilẹ̀ Ìkálẹ̀ mọ́ Ẹ̀pẹ́, wọ́n so Ẹ̀pẹ́ mọ́ Èkó, wọ́n sì gba Àgbádárìgì kọjá lọ sí Àjàṣẹ́. Ìrìn náà pẹ́, ẹ̀fọn á sì jẹ èèyàn yó. Oníbodè tó ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà ìlú ni wọ́n mọ̀ nígbà náà. Ààlà tó la ilẹ̀ sí méjì kò tíì sí.

Ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tọwọ́ bọ ìwé rẹ̀ ní Paris. Ìlà kan gbéra létí òkun, ó forí lé àríwá. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìṣàkẹ́tẹ́ àti Ìpòbẹ́ lọ síbẹ̀, Ìlarò kù síbí. Kò sí ọba Yorùbá kan tó jókòó níbi tí wọ́n ti fà á.

Àwọn méjèèjì tún wá tẹ́ ojú irin. Gẹ̀ẹ́sì gbé ojú irin tirẹ̀ láti Èkó, ó dé Ìbàdàn ní 1901. Lẹ́yìn náà, ẹ̀ka kan ya ní Ìfọ̀, ó gba Ìlarò lọ sí Ìdógò. Faransé gbé tirẹ̀ láti Àjàṣẹ́ gba Ìṣàkẹ́tẹ́ lọ sí Ìpòbẹ́. Láti Ìdógò sí Ìpòbẹ́, ẹni tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lè rìn ín lọ́jọ́ kan, síbẹ̀ irin kan kò bá èkejì pàdé. Ká tiẹ̀ ní wọ́n pàdé, ọkọ̀ kan náà kò lè gun méjèèjì: àlàfo àárín irin Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ mìlímítà 1,067, ti Faransé jẹ́ 1,000. Ohun tó fi ju èkejì lọ kò tó ìbú àtẹ́lẹwọ́.

Mọ́tò ló wá ń kọjá, wàhálà tirẹ̀ sì yàtọ̀. Títí di ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, apá òsì ni wọ́n ń gbà wakọ̀ ní Nàìjíríà. Apá ọ̀tún ni Dàhòmì, tó di Benin lẹ́yìn náà, àti Tógò ń gbà. Gánà wà lápá òsì títí di oṣù Kẹjọ ọdún 1974. Dírẹ́bà tó bá gbéra l'Ékòó lọ sí Accra á yí sí ọ̀tún ní Ìdírókò, ẹnubodè Nàìjíríà àti Dàhòmì, á tún yí padà sósì ní Aflao, ẹnubodè Tógò àti Gánà. Ọkọ̀ rẹ̀ kò bá a yí. Ìjókòó dírẹ́bà wá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ igbó, kò sì rí iwájú dáadáa bó bá fẹ́ ya ọkọ̀ mìíràn sílẹ̀. Ilẹ̀kùn èrò tó ń ṣí sí etí títì nílé wá ń ṣí sí àárín ọ̀nà.

Báyìí ni ọ̀nà náà ṣe rí nígbà tí ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969 pé kí àlejò tí kò níwèé kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò Yorùbá kó ẹrù àti ọmọ sínú lọ́rì, wọ́n gba Tógò àti Dàhòmì wálé. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1983, ó yí padà: Nàìjíríà ló lé àwọn ará Gánà. Gánà ti ti ẹnubodè rẹ̀ pa, Tógò àti Benin náà ti tiwọn, èrò sì há sí Sèmè, ẹnubodè Nàìjíríà àti Benin, títí Gánà fi ṣí tirẹ̀. Orúkọ tí báàgì ńlá aláwọ̀ onígun tí wọ́n kó ẹrù sí gbà nígbà yẹn, kò tíì bọ́ lára rẹ̀: Ghana Must Go.

Nígbà yẹn, títì Àgbádárìgì ti gba ọjà mọ́ Ìdírókò lọ́wọ́, Sèmè ló sì di ojú ọ̀nà. Láti 1979 ni ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti fọwọ́ sí i pé ọmọ ẹgbẹ́ lè wọ orílẹ̀-èdè ara wọn fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Ìyẹn kò ní kí ìjọba má ti ẹnubodè: Nàìjíríà tì í ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, kò sì ṣí Sèmè títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020.

Bọ́ọ̀sì tó bá gbéra ní Jíbówú l'Ékòó lónìí kò ní í yí apá kankan mọ́ kó tó dé Accra. Èrò ló ń sọ̀kalẹ̀ ní Sèmè, ìwé ìrìnnà lọ́wọ́, tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn kọjá. Àwọn tó ń ṣẹ́ owó á ti máa pè wọ́n láti ṣẹ́ náírà sí sẹ́fà. Bọ́ọ̀sì á dúró dè wọ́n ní òdìkejì, ilẹ̀kùn rẹ̀ á sì ṣí sí etí títì.