ÀṢÀRÒ NÍNÚ ÌTỌ́JÚ ỌKÀN: IṢẸ́ MARSHA LINEHAN

Ní ọdún 2011, Marsha Linehan, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ nípa ọkàn àti ìwà ẹ̀dá ní Yunifásítì Washington ní ìlú Seattle, Amẹ́ríkà, sọ ní gbangba pé òun alára ti ṣe àìsàn ọkàn rí. Institute of Living, ilé ìwòsàn kan ní ìlú Hartford, ni ó ti sọ ọ̀rọ̀ náà. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n dá a dúró sí fún oṣù 26 láti 1961, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 17. Láti ìgbà náà ni ó ti rọrùn láti fi àìsàn yẹn nìkan ṣàlàyé bí àṣàrò ṣe wọ inú Dialectical Behavior Therapy, ọ̀nà ìtọ́jú tí ó dá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá to àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ náà tẹ̀lé ara wọn, yóò hàn pé àlàyé yìí kò kún tó.

Ìlú Tulsa ni a bí Linehan sí ní 1943, nínú ìdílé ọmọ ìjọ Àgùdà. Lẹ́yìn tí ó kúrò ní ilé ìwòsàn, ó kàwé ní Yunifásítì Loyola ní Chicago, níbi tí ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1971. Ìtọ́jú tí ó kọ́ lẹ́yìn náà kò ní àṣàrò nínú: ó dá lórí èrò pé ìwà jẹ́ ohun tí ènìyàn ń kọ́, tí ó sì lè fi òmíràn rọ́pò.

Àwọn tí ó yàn láti tọ́jú ni àwọn tí ó ti gbìyànjú léraléra láti gba ẹ̀mí ara wọn. Ibẹ̀ ni ìṣòro ti dé. Nígbà tí olùtọ́jú bá tẹnu mọ́ ọn pé kí wọ́n yí padà, ẹ̀sùn ni wọ́n kà á sí. Nígbà tí ó bá sì gbà wọ́n bí wọ́n ti rí, lójú wọn, ó ti fi wọ́n sílẹ̀ nínú ìrora. Ọ̀nà méjèèjì ní láti rìn pọ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ ìyípadà ìwà kò ní ohun tí a lè fi kọ́ ènìyàn bí a ti ń gba ohun tí ó wà bí ó ti wà. Ohun tí Linehan wá lọ sí Shasta Abbey, ilé àwọn mọ́ńkì Zen ní California, nìyẹn. Lẹ́yìn èyí ni ó lọ sọ́dọ̀ Willigis Jäger ní Jámánì, mọ́ńkì ìjọ Àgùdà tí ó tún jẹ́ olùkọ́ Zen.

Àṣàrò Zen kò ṣeé gbé fún aláìsàn bẹ́ẹ̀. Ìjókòó gígùn lè ju agbára wọn lọ, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni yóò gba ẹ̀sìn Búdà. Linehan bọ́ aṣọ ẹ̀sìn kúrò lára rẹ̀, ó sì pín in sí ohun tí a lè kọ́ díẹ̀díẹ̀: kí ènìyàn wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀, kí ó fi ọ̀rọ̀ ṣàpèjúwe rẹ̀, kí ó sì fi gbogbo ara kópa nínú rẹ̀, kí ó má ṣe dá a lẹ́jọ́, kí ó gbájú mọ́ ẹyọ ohun kan lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì ṣe èyí tí yóò ṣàǹfààní. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà pé bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, sún mọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí: wọn kò ní kí ẹlẹ́kún má sunkún.

Àbájáde àyẹ̀wò àkọ́kọ́ jáde ní 1991. Láàárín ọdún kan, àwọn obìnrin tí a fi ọ̀nà yìí tọ́jú kò ṣe ara wọn ní ìjàǹbá tó àwọn tí ó gba ìtọ́jú tí ó wọ́pọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n lò ní ilé ìwòsàn sì kéré sí ti àwọn yẹn. Síbẹ̀, ní ti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àìnírètí, kò sí ìyàtọ̀ pàtàkì láàárín wọn. Bákan náà, odindi ìtọ́jú ni a yẹ̀ wò, kì í ṣe àṣàrò nìkan. Nítorí náà, àyẹ̀wò yẹn kò fi ìwọ̀n ipa àṣàrò hàn. Ní 1993 ni ìwé méjì tí Linehan fi ṣàlàyé ọ̀nà náà jáde.

Nínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, Building a Life Worth Living, tí ó jáde ní 2020, Linehan sọ pé ilé ìwòsàn ni òun ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ láti yọ àwọn ẹlòmíràn kúrò nínú irú ọ̀run àpáàdì bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ́ náà ṣàlàyé ìdí tí ó fi yan àwọn aláìsàn wọ̀nyí. Kò ṣàlàyé ìdí tí ó fi yan àṣàrò. Ìkùnà ìtọ́jú tí ó mọ̀ dunjú, níwájú àwọn tí ẹ̀mí wọn wà nínú ewu, ni ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà Zen.