Onídùúró ní Òfurufú: Owó, Òfin àti Sátẹ́láìtì Àwọn Olùfẹ́ Rédíò, 1961–2017

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbé mi dé ìdí ìwádìí yìí: amateur. Èdè Faransé ni Gẹ̀ẹ́sì ti yá a. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní ìpìlẹ̀ ni ẹni tó fẹ́ràn nǹkan. Nínú òfin rédíò àgbáyé, òun ni ẹni tó gba ìwé àṣẹ, tó ń lo rédíò láti fi kọ́ ara rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́, tí kò sì ń tìtorí owó ṣe é. Mo pè é ní olùfẹ́ rédíò. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń ka ìtàn àwọn sátẹ́láìtì tí irú wọn ṣe, mo rí i pé ọ̀rọ̀ mìíràn ló gbé ìtàn náà ró, èyí tí àwa ti ní tipẹ́tipẹ́: onídùúró. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé kíkan ẹ̀rọ náà kọ́ ló le jù fún olùfẹ́ rédíò, bí kò ṣe rírí ẹni tí yóò dúró fún un.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹnu ọ̀rọ̀ ló ṣiṣẹ́ jù. Àwọn olùfẹ́ rédíò kan ní Kalifóníà ṣe OSCAR 1, tí kò wúwo ju nǹkan bí kílò mẹ́rin ààbọ̀ lọ. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ológun òfurufú Amẹ́ríkà kan máa ń ru ẹrù irin lásán kí ìwúwo rẹ̀ lè dọ́gba. Wọ́n bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi sátẹ́láìtì àwọn rọ́pò irin náà, wọ́n sì gbà fún wọn. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1961, ó gòkè. Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ń kí ayé ní àmì Morse, "HI", tí àwọn ènìyàn ní orílẹ̀-èdè 28 sì gbọ́ ọ. Wọn kò san owó ọkọ̀.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà ni òfin dé. Àdéhùn Gbalasa Òfurufú ti ọdún 1967 sọ pé orílẹ̀-èdè ni yóò jẹ́jọ́ ohunkóhun tí àwọn ènìyàn rẹ̀ bá ṣe lókè, ìbáà má jẹ́ ìjọba ló ṣe é. Ìjọba gbọ́dọ̀ fún wọn láṣẹ, kí ó sì máa mójú tó wọn. Àdéhùn ọdún 1972 fi kún un pé bí ohun tí a jù sókè bá já lu ilé ẹni lórí ilẹ̀, orílẹ̀-èdè tó jù ú ni yóò san owó ìtanràn, ì báà jẹ̀bi, ì báà má jẹ̀bi. Onídùúró gan-an nìyẹn: bí nǹkan bá bàjẹ́, òun ni wọn yóò mú. Láàárín àdéhùn méjèèjì yìí, ní ọdún 1971, ìpàdé rédíò àgbáyé fún sátẹ́láìtì àwọn olùfẹ́ rédíò ní ipò tirẹ̀ nínú òfin. Wọ́n rí àyè, ṣùgbọ́n àyè náà ní ẹnu ọ̀nà, olùṣọ́ sì wà níbẹ̀.

Owó náà kò dúró lójú kan. Ní ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún ọdún 1980, rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane kùnà lẹ́yìn tó gbéra ní Kourou, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún sì rì sínú Òkun Àtìláńtíìkì. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi dúró kí OSCAR 10 tó gòkè. Ní ọdún 1999, Amẹ́ríkà ka sátẹ́láìtì mọ́ ohun ìjà tí a kò gbọdọ̀ tà tàbí ṣàlàyé fún àjèjì láìgba àṣẹ. Àwọn olùfẹ́ rédíò tó ti máa ń bá ará Jámánì jókòó ti àwòrán ẹ̀rọ kan náà wá di ẹni tó gbọ́dọ̀ ronú kó tó lanu. Ọdún 2014 ni wọ́n tó dẹ okùn náà díẹ̀.

Ní ọdún 1999 yìí kan náà, àwọn olùkọ́ méjì ní Kalifóníà dá CubeSat sílẹ̀, àpótí tí ìhà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá. Ó dín ìnáwó kù, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ rẹ̀ ṣì ju 10,000 dọ́là lọ fíìfíì, kò sì dín ìwé àṣẹ kù rárá.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù ni ti Àkúrẹ́. Fásitì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ kópa nínú iṣẹ́ BIRDS-1, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ láti Jàpáàn, Gánà, Mòǹgólíà, Nàìjíríà àti Bàǹgìládéṣì ti ṣe CubeSat márùn-ún ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Jàpáàn. Nigeria EduSat-1 wà lára wọn. Wọ́n gòkè ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, ìgbì àwọn olùfẹ́ rédíò ni wọ́n sì fi ń sọ̀rọ̀. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ọwọ́ àwọn ọmọ náà ló ṣe ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ tó ti mọ ọ̀nà ló mú wọn dé ẹnu ọ̀nà òfin.

Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Kétu tàbí Àjàṣẹ́ bá bi mí pé èló ni sátẹ́láìtì, n ó kọ́kọ́ bi òun náà pé: ta ni onídùúró rẹ? Àwa tí a ń túmọ̀ òfin sí Yorùbá náà ní iṣẹ́ níbẹ̀. Bí a bá kọ "ìwé àṣẹ" nìkan, a ó fi ẹnu ọ̀nà hàn án, ṣùgbọ́n kò ní mọ ẹni tí yóò san gbèsè. Ọ̀rọ̀ tó sọ èyí ti wà lẹ́nu àwọn bàbá wa kí rọ́kẹ́ẹ̀tì tó dé.