Àjẹkù Igbó

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: kí ni ká máa pe igbó tí wọ́n ti gé yíká, tó wá ku bíńtín láàárín pápá màlúù?

Ìtòsí Manaus ní Bùràsíìlì ni èyí tí mò ń kọ̀wé nípa rẹ̀ wà. Lọ́dún 1979 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Thomas Lovejoy bẹ̀rẹ̀ ìwádìí níbẹ̀. Bí àwọn olówó màlúù ṣe ń gé igbó, wọ́n bá a ṣẹ́ ibi mọ́kànlá kù: òmíràn hẹ́kítà 1, òmíràn 10, òmíràn 100.

“Àfọ́kù” ló kọ́kọ́ bọ́ sí mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n igbá àti ìkòkò ló ń ní àfọ́kù. Ohun tó bá sì ti fọ́ ti parí, igbó yìí ṣì ń mí. “Ègé” bá ti Manaus mu, torí wọ́n wọn ilẹ̀ kí wọ́n tó gé e. Àmọ́ níbi púpọ̀ láyé, ta ló ń wọn nǹkan? Ayùn jẹ, oko jẹ, ọ̀nà jẹ, èyí tí ẹnu wọn kò tíì kàn ló ṣẹ́ kù. Àjẹkù igbó ni mo fara mọ́. Àwọn àgbà ní àjẹkù là á mayò, mo mọ̀. Ẹni tó ń jẹ igbó yìí kò tíì yó ni.

Ọ̀rọ̀ tí mo máa fi pe igbó fúnra rẹ̀ kò yọ mí lẹ́nu. Ẹgàn ni. “Igbó òjò” tí àwọn kan ń kọ yẹn, àfi bí ẹni pé òjò kì í rọ̀ sí igbó mìíràn.

Etí igbó náà, kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni oòrùn àti atẹ́gùn ń gbà wọlé, tí ilẹ̀ fi ń gbẹ, tí àwọn igi ńlá sì ń wó. Hẹ́kítà 1 kò ju 100 mítà lọ́nà méjèèjì lọ. Ká kúkú sọ pé etí ni gbogbo rẹ̀.

Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lábẹ́ igi, ọmọ igi ni mo pè é. Irúgbìn kọ́, torí ẹnikẹ́ni kò gbìn ín, ó lalẹ̀ hù ni. Èhù, létí tèmi, ti kùkùté ni. Olùwádìí Julieta Benítez-Malvido ka àwọn ọmọ igi yìí nítòsí Manaus, ó sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1998: wọ́n ṣọ̀wọ́n nínú àjẹkù ju inú ẹgàn tí wọn kò gé lọ.

Ibi tí èdè ti fẹ́ dà mí ni “oríṣiríṣi”. Bí mo bá ní ọmọ igi 100 wà níbì kan, òǹkàwé kò mọ̀ bóyá irú kan ni gbogbo wọn tàbí irú 60. Mo wá ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀, iye ọmọ àti iye irú, mo sì ń tún wọn sọ títí ó fi ń sú èmi fúnra mi.

Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Daniel Janzen ní orúkọ kan fún igi ńlá tó dá dúró sí pápá, tó ń tanná tó sì ń so, tí kò sì ní ọmọ tí yóò dàgbà: òkú tó wà láàyè. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo sì pa á rẹ́, torí òǹkàwé Yorùbá yóò rò pé àkúdàáyà ni mò ń sọ. Igi tí kò lárólé ni mo fi sí i. Baba ṣì jókòó sójúde. Àwọn ọmọ tó hù lẹ́sẹ̀ rẹ̀, màlúù ti tẹ̀ wọ́n pa.